Stellenbosch, Douro, àbí oko adẹ́mu lẹ́yìn Mọ́níyà: èwo ló yẹ kí ará Ìbàdàn kọ́kọ́ lọ wò?

Lọ́dún tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ máa pé ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Àwọn ọmọ wọn ti dáwó jọ, wọ́n ní kí àwọn òbí àwọn yan ibi tó bá wù wọ́n láti lọ sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà kiri. Ó ní láti kékeré lòun ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbà àjàrà nínú Bíbélì, òun ò sì tíì fojú kan igi àjàrà rí. Àlàájì, ọkọ rẹ̀, kì í fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìtàn àtijọ́ ju oúnjẹ lọ. Ó ní òun á bá a lọ, bí ibẹ̀ bá ti ní ìtàn tí òun lè gbọ́.

"Àbúrò mi," ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, "ìwọ lo ti dé Gúúsù Áfíríkà, o sì ti dé ilẹ̀ Potogí. Èwo ni ká lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè kà á sétí Àlàájì."

Ohun tí mo kọ fún wọn nìyí, mo sì fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ nítorí ẹ̀yin yòókù tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lè máa wù. Ibi méjì ni wọ́n béèrè: Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà, àti àfonífojì odò Douro ní àríwá Potogí. Mo fi ẹ̀kẹta kún un, oko adẹ́mu ní agbègbè Akínyẹlé, kọjá Mọ́níyà. Wáìnì ni ẹmu náà. Igi ló ti ń wá, ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó ní ìtàn tirẹ̀, ó sì ní àwọn tó ń fi ẹ̀mí ara wọn wéwu kó tó dé inú ife. Ẹni tí kò bá tíì wo bí wọ́n ṣe ń dá a nílé kò ní mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ oníwáìnì lókè òkun.

Ojú ilẹ̀

Láti Cape Town dé Stellenbosch kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà, bí ẹni tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Òkè ló yí ìlú náà ká: Simonsberg, Helderberg, àti àwọn òkè Jonkershoek. Òkè tiwa ní Ìbàdàn, ilé ti gun orí rẹ̀ tán, bí a ṣe rí i ní Màpó àti Òkè Àrẹ̀mọ. Tiwọn, òkúta gbalasa ni, ó dúró lẹ́yìn ọgbà bí ògiri, ó sì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹsẹ̀ àwọn òkè yìí ni wọ́n gbin àjàrà sí, ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ. Nínú ìlú fúnra rẹ̀, igi óákù tó ti gbó ló ṣíji bo títì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Eikestad, ìlú igi óákù. Ilé funfun ló wà lábẹ́ àwọn igi náà, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé ọ̀pọ̀ nínú wọn, iwájú òrùlé sì ṣe kọ́ńdú bí etí fìlà. Ọkọ̀ ń dé ibi gbogbo. Àgbàlagbà lè rí ohun tó pọ̀ níbẹ̀ láìgun àtẹ̀gùn mẹ́wàá.

Ní Douro, kò sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Odò tó ń ti Sípéènì bọ̀ ló la ilẹ̀ náà já, òkè sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú odò lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Òkúta pẹlẹbẹ tó ń ṣí bí ojú ewé ìwé ló wà níbi tó yẹ kí iyẹ̀pẹ̀ wà. Àwọn ará ibẹ̀ fọ́ òkúta yìí, wọ́n fi èyí tó tóbi mọ ògiri, wọ́n fi èyí tó wẹ́ kún ẹ̀yìn ògiri, wọ́n wá gbin àjàrà sórí rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti etí odò títí dé orí òkè, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn, ní ibi tí ojú lè rí dé.

Mo sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ògiri náà lẹ́bàá abúlé Pinhão, mo fọwọ́ kàn án. Kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí amọ̀. Òkúta kan jókòó lórí èkejì, wọ́n fi wẹ́wẹ́ há àárín wọn. Ó gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, alángbá kan sì sá wọnú ihò rẹ̀ bí mo ṣe ń na ọwọ́. Mo wo òkè, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí, àti pé ẹnì kan ló ru òkúta kọ̀ọ̀kan dé ibi tó wà. Ní 2001, UNESCO kọ ilẹ̀ yìí mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ló dá ojú rẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí pé èwo ló rẹwà jù, Douro ni. Stellenbosch tu ojú lára, ṣùgbọ́n Douro ń mú kí èèyàn dákẹ́.

Oko adẹ́mu ní tirẹ̀ kò ní ìlà kankan. Ibi tí ọ̀pẹ bá hù sí lẹ ó bá a, láàárín ẹ̀gẹ́, láàárín kòkó, nítorí pé nígbà tí àwọn baba wa ń ṣán oko, wọ́n máa ń dá ọ̀pẹ sí. Ògùrọ̀ wà ní àbàtà, lẹ́bàá odò, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń rì dé kókósẹ̀. Ojú tí kò bá mọ ohun tó ń wò á ní igbó lásán ni. Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ ló wà níwájú yín yẹn, bí ògiri Douro náà ṣe jẹ́ ètò àtijọ́.

Ìtàn ibẹ̀, àti ẹni tó ń sọ ọ́

Ìtàn Stellenbosch ló wúwo jù fún èèyàn dúdú, níbẹ̀ ni mo sì máa dúró pẹ́ sí.

Ní 1652, ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Họ́láǹdì tó ń lọ sí Íńdíà dá ibùdó sílẹ̀ ní Cape, níbi tí Cape Town wà lónìí, kí ọkọ̀ ojú omi wọn lè máa rí omi àti ẹ̀fọ́ kó. Ọ̀gá ibùdó náà, Jan van Riebeeck, gbin àjàrà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kejì 1659 pé ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún wáìnì láti ara àjàrà Cape. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú, ní 1658, ọkọ̀ méjì ti kó ẹrú débẹ̀. Amersfoort kó àwọn ará Angola. Hasselt kó tirẹ̀ láti etíkun Gíní, lápá Pópó. Ẹ wo máàpù: Pópó kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ńṣe ni mo pa ìwé náà dé. Ó ṣeé ṣe kí èdè àwọn kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ Cape fún òyìnbó má jìnnà sí èdè wa.

Simon van der Stel, tó wá ṣàkóso Cape lẹ́yìn ìgbà van Riebeeck, ló dá Stellenbosch sílẹ̀ ní 1679, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Ní 1685 ó gba oko Constantia, tí wáìnì dídùn rẹ̀ lókìkí títí dé ọ̀dọ̀ Napoleon nígbà tí wọ́n fi í sí ìgbèkùn ní erékùṣù St Helena. Ní 1688, àwọn Faransé tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí nítorí ẹ̀sìn sá wá sí àfonífojì kan nítòsí, wọ́n ń pè é ní Franschhoek, igun àwọn Faransé. Gbogbo èyí ni ẹ máa gbọ́ nínú ọgbà èyíkéyìí, pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ lè má gbọ́ àfi tí ẹ bá béèrè ni pé àwọn ilé funfun tí mo ń yìn lókè yìí, ọwọ́ ẹrú wà nínú kíkọ́ wọn, ọwọ́ ẹrú ló sì ń ro ọgbà. Madagascar, Mozambique, Íńdíà àti àwọn erékùṣù Indonesia ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Ní 1834 ni òfin ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n tún ní kí wọ́n sin olówó wọn fún ọdún mẹ́rin sí i, ó di 1838 kí wọ́n tó lọ lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àṣà kan tí wọ́n ń pè ní dop gbilẹ̀: wọ́n ń fi wáìnì dípò apá kan owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́. Ọtí di àìsàn nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, àpá rẹ̀ kò sì tíì parẹ́. Nígbà ìjọba apartheid, àdúgbò kan láàárín ìlú Stellenbosch tí wọ́n ń pè ní Die Vlakte, tí àwọn tí òfin kà sí aláwọ̀ àdàlù ń gbé, ni ìjọba kéde ní 1964 pé ti òyìnbó ni. Wọ́n lé wọn jáde nílé ara wọn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì wọ ọgbà àjàrà kankan kí ẹ tó dé Slave Lodge ní Cape Town. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Họ́láǹdì ń kó ẹrú rẹ̀ sí láti 1679, ọdún kan náà tí wọ́n dá Stellenbosch sílẹ̀; ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ wá sí ọgbà, ojú tí ẹ máa fi wo ilé funfun náà á yàtọ̀.

Apá kan wà nínú ìtàn náà tí mo mọ̀ pé Àlàájì máa fẹ́. Àwọn Họ́láǹdì lé ọ̀gá àlùfáà kan, Sheikh Yusuf ará Makassar, kúrò ní Indonesia nítorí pé ó bá wọn jagun. Ní 1694 ó dé Cape pẹ̀lú ìdílé àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n sí oko Zandvliet, kò jìnnà sí Stellenbosch, kí wọ́n má bàa sún mọ́ ìlú. Àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ń wá a lọ síbẹ̀. Ó kú ní 1699. Ojúbọ tí wọ́n kọ́ fún ìrántí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àdúgbò náà ń jẹ́ Macassar títí dòní, àwọn Mùsùlùmí sì ń lọ ṣe àdúà níbẹ̀. Ní Cape Town fúnra rẹ̀, ní Bo-Kaap, mọ́sáláṣí Auwal wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1794, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹni tí kì í mutí lè lo ọjọ́ mẹ́rin ní agbègbè wáìnì yìí láìsí pé ó dà bí ẹni tó tẹ̀ lé ìyàwó lọ jókòó lásán.

Ìtàn náà kò dúró sí ìbànújẹ́. Ní 1925, ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold da irú àjàrà méjì pọ̀ ní Stellenbosch, Pinot Noir àti Cinsaut, èyí tó bí Pinotage, àjàrà tí Gúúsù Áfíríkà fi ń yangàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọbìnrin kan láti abúlé ní KwaZulu-Natal, Ntsiki Biyela, tí kò tọ́ wáìnì wò rí kó tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní yunifásítì Stellenbosch, ló wá di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó ń ṣe wáìnì ní orílẹ̀-èdè náà. Orúkọ ìyá àgbà rẹ̀, Aslina, ló fi sọ wáìnì tirẹ̀. Bí ẹ bá máa ra ìgò kan ṣoṣo bọ̀ wálé, ẹ wá tirẹ̀.

Ìtàn Douro kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn òwò ni. Ní 1703, Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí tọwọ́ bọ àdéhùn pé owó orí wáìnì Potogí á kéré ju ti Faransé lọ. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì wá ya wọ ìlú Porto. Bí ọjà ti ń tà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọjà jẹ́, wọ́n ń po omi èso igi kan tó dúdú mọ́ wáìnì kó lè pọ́n. Àwa tí a mọ ẹmu tí wọ́n fi omi àti sákárìn là, ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì sí wa. Marquis ti Pombal, tó ń ṣàkóso Potogí nígbà náà, fi òfin sí i ní 1756: ó pa ààlà ilẹ̀ tí wáìnì náà gbọ́dọ̀ ti wá, wọ́n ri òpó òkúta mọ́lẹ̀ láti fi sàmì sí i, ó sì ní kí wọ́n hú igi èso dúdú yẹn dànù. Ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀ wáìnì tí wọ́n kọ́kọ́ fi òfin pa ààlà fún láyé ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì ibẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní port, á tètè yé ẹni tó bá mọ ògógóró. Nígbà tí omi àjàrà bá ń hó lọ́wọ́, tí adùn rẹ̀ kò tíì tán, wọ́n á da ọtí líle tí wọ́n sè láti ara àjàrà sí i, èyí tó lágbára tó ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí líle náà á pa ìwúkàrà, híhó á dúró, adùn á ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Wọ́n á wá gbé e sínú àgbá. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ onígi tí wọ́n ń pè ní rabelo ló ń gbé àgbá náà gba orí odò lọ sí Vila Nova de Gaia, ní òdìkejì Porto, odò náà sì léwu kí wọ́n tó fi ìdídò tù ú lójú. Ní 1861, ọkọ̀ kan dojú dé níbi tí wọ́n ń pè ní Cachão da Valeira. Baron Forrester, Gẹ̀ẹ́sì tó ya máàpù odò náà, wà nínú rẹ̀, ó sì kú sómi. Dona Antónia Ferreira, obìnrin tó ní ọgbà púpọ̀ ní Douro, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì yè. Àwọn ará ibẹ̀ ní yẹ̀rì rẹ̀ tó fẹ̀ bí agboòrùn ló gbé e léfòó.

Láti àwọn ọdún 1860 ni kòkòrò tíńtín kan láti Amẹ́ríkà wọ ibẹ̀, ó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà. Wọ́n wá so ẹ̀ka àjàrà ilé mọ́ gbòǹgbò ti Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa. Àwọn àtẹ̀gùn tí wọn ò tún gbìn mọ́ ṣì wà lórí òkè, igbó ti bò wọ́n. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Ní ti òwò ẹrú Potogí, Douro kọ́ ni ẹ ti máa gbọ́ ọ. Gúúsù ni, ní ìlú tó ń jẹ́ Lagos bíi ti Èkó wa, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹrú Áfíríkà gúnlẹ̀ ní 1444. Ìrìn mìíràn nìyẹn.

Ìtàn ẹmu, ẹnu ni wọ́n ń fi sọ ọ́. Wọ́n sọ fún wa pé ẹmu ló dá Ọbàtálá dúró nígbà tí Olódùmarè rán an wá dá ilẹ̀. Ó mu ún yó, ó sùn, Odùduwà gba iṣẹ́ náà ṣe, láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ àwọn tó ń sin Ọbàtálá. Ògún ní tirẹ̀, ẹmu ni wọ́n fi ń bọ ọ́. Ìbàdàn fúnra rẹ̀, oúnjẹ inú igbó ló wà nínú oríkì rẹ̀, *ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó*, ìyà tí Lágelú àti àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ lórí òkè. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó èyí sí. Bí àgbà tó wà níbi ìsọ̀ ẹmu bá dákẹ́, ó parí nìyẹn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ nìyẹn, nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ tó ń ṣe é

Ní Stellenbosch, inú ilé tó tutù, pẹ̀lú táǹkì irin tó ń dán, ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ó mọ́, ó wà létòlétò, ìran rẹ̀ kì í sì í pẹ́ sú èèyàn.

Ní Douro, àwọn ọgbà kan ṣì ń fi ẹsẹ̀ tẹ àjàrà nínú àpótí òkúta ńlá tí wọ́n ń pè ní lagar. Àwọn èèyàn á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á gbé ọwọ́ lé èjìká ara wọn, omi àjàrà á dé itan wọn, wọ́n á máa gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́jẹ́, fún bíi wákàtí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlù àti orin á bẹ̀rẹ̀, tí kálukú á máa jó bó ṣe wù ú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ibi ẹkù epo rí, tó ti rí àwọn ìyá wa tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, á mọ irú iṣẹ́ tí mò ń sọ.

Ní Akínyẹlé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí a dé ìdí ọ̀pẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, oyin wà lókè."

Bàbá adẹ́mu fi igbà yí ọ̀pẹ àti ìbàdí ara rẹ̀ po, ó fẹ̀yìn tì í, ó ju igbà náà sókè, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún jù ú. Kò pẹ́ tó fi dé orí. Ó tú akèrègbè tó so mọ́ ibẹ̀ láti àná, ó mú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó fá ojú ọgbẹ́ igi náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni gé èékánná ọmọ tuntun, kí omi lè tún máa sun, ó sì so akèrègbè mìíràn rọ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ìfófó funfun ti bo ẹnu akèrègbè, oyin mẹ́ta rì sínú rẹ̀. Ó sẹ́ ẹ, ó bù ú sínú ahá fún mi. Ó dùn bí omi ìrèké, ó sì ń ta ahọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ẹmu òwúrọ̀ nìyẹn. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ó tó dé ilẹ̀. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, adùn á ti lọ, á ti le. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, á ti kan. Àgbá port lè wà nínú ilé fún ogún ọdún tàbí ogójì ọdún. Ẹmu kò ní ọ̀la. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tó lè gbé e wá bá yín tó máa rí bó ṣe rí ní ìdí ọ̀pẹ.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Igi àjàrà lè so fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ògùrọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, ìgbà tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ ni wọ́n ń dá a, lẹ́yìn náà ó máa kú. Gbogbo ògùrọ̀ tí a bá mu, igi kan ti parí lórí rẹ̀, kí a béèrè bóyá wọ́n gbin òmíràn.

Ètò ìrìn

| | Stellenbosch | Douro | Oko adẹ́mu |
|---|---|---|---|
| Ìgbà tó dára jù | Oṣù kejì sí ìkẹta, ìgbà ìkórè | Oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹwàá, ìgbà ìkórè | Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọ̀nà má yọ̀ |
| Ìwé | Físà Gúúsù Áfíríkà | Físà Schengen | Ẹ kí baálẹ̀ abúlé |
| Ọ̀nà | Bàálù láti Èkó dé Cape Town, ọ̀pọ̀ ń gba Johannesburg. Ọkọ̀ ló kù | Bàálù dé Porto. Reluwé láti São Bento dé Pinhão, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ | Ọkọ̀ láti Òjóò dé Mọ́níyà, ọ̀kadà wọ abúlé |
| Owó ibẹ̀ | Ránd | Yúrò, ó wọ́n ju ránd lọ | Náírà |
| Orúnkún | Ó rọrùn | Ó le | Àbàtà wà |
| Ó tó ọjọ́ mélòó | Mẹ́rin | Mẹ́ta sí mẹ́rin | Òwúrọ̀ kan |

Ẹ má lọ sí Cape ní oṣù kẹfà sí ìkẹjọ bí ẹ ò bá fẹ́ òtútù àti òjò. Ẹ má sì lọ sí Douro láàárín oṣù keje àti ìkẹjọ. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ní oṣù mẹ́sàn-án òtútù àti oṣù mẹ́ta iná ọ̀run àpáàdì ni àwọn ń rí. Ní ti reluwé Douro, ẹ jókòó sí apá ọ̀tún bí ẹ ti ń lọ, odò á wà ní ìsàlẹ̀ fèrèsé yín. Ẹ sì wo ògiri ibùdókọ̀ Pinhão dáadáa, àwòrán ìkórè àjàrà wà lára àwọn táìlì aláwọ̀ búlúù rẹ̀.

Oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro níbì kankan. Ní Cape, ẹran yíyan pọ̀, oúnjẹ àwọn Mùsùlùmí Bo-Kaap sì kún fún èròjà tó ń ta sánsán. Ní Douro, ẹja pànlà ni wọ́n fi ń yangàn.

Ta ló yẹ kó lọ síbo

Nígbà tí mo lọ sí Stellenbosch, mo sanwó fún ilé-iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan tó kó wa dé oko márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí a fi dé ẹ̀kẹta, n ò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ẹni tó ń mú wa kiri ka orúkọ àjàrà, ó ka iye ife ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà, kò sì dárúkọ ẹrú kan láti òwúrọ̀ títí alẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ọjọ́ kejì ni mo padà lọ fúnra mi, oko méjì péré, mo jókòó, mo béèrè. Obìnrin tó ń bu wáìnì fún wa ní ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé lórí oko náà ni wọ́n bí òun, pé ibẹ̀ náà ni ìyá òun ti ṣiṣẹ́. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní ìdajì wákàtí ju ti gbogbo ọjọ́ àná lọ. Nítorí náà, oko méjì lójúmọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbikíbi tí ẹ bá lọ.

Ohun kékeré kan tún wà tó máa ń kó ìtìjú bá àwa Yorùbá: níbi ìtọ́wò wáìnì, korobá kan máa wà lórí tábìlì, wọ́n sì ń retí kí ẹ tu èyí tí ẹ tọ́ wò sínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá tu ọtí onílé dànù ti bú onílé. Lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe àbùkù rárá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí orúnkún yín ṣì le, tí ẹ fẹ́ràn òkè àti odò, tí ẹ sì rí físà gbà, ẹ lọ sí Douro. Ẹ gun àtẹ̀gùn 686 ti ṣọ́ọ̀ṣì Nossa Senhora dos Remédios ní Lamego, ẹ sùn ní abúlé, ẹ má sùn ní Porto nìkan. Ẹni tó ń wá ìtàn tó kan ara rẹ̀, tàbí tó ń bá àgbàlagbà rìn, tàbí tó jẹ́ Mùsùlùmí bíi Àlàájì, Stellenbosch ni kó lọ. Nítorí náà, Stellenbosch ni mo mú fún ẹ̀gbọ́n mi, ní oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀: ọjọ́ kan ní Slave Lodge àti Bo-Kaap, òwúrọ̀ kan ní Macassar, ọjọ́ méjì láàárín àjàrà.

Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ yìí, Akínyẹlé ni. Mo ti bá Bàbá adẹ́mu sọ ọ́. Àlàájì kò ní mu nínú rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ Bàbá ni òun fẹ́ gbọ́. Kí wọ́n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Mọ́níyà láago mẹ́fà, kí ẹ̀gbọ́n mi má wọ sálúbàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá, kó wọ bàtà òjò.